Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n gba oyè bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Àjàyí Crowther? Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá Odò Ọya

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, àwòrán àgbàlagbà kan tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, tó wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, a tún máa lọ káàkiri lórí ẹ̀rọ ayélujára láàárín àwa ọmọ Yorùbá. Bí àwòrán náà ṣe ń lọ ni oríṣiríṣi ìtàn ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní àwọn òyìnbó lé Samuel Àjàyí Crowther kúrò nípò bíṣọ́ọ̀bù nítorí pé ènìyàn dúdú ni. Àwọn mìíràn ní irọ́ funfun báláú ni, pé orí oyè ló kú sí. Àwọn tó ń polongo pé Èṣù kì í ṣe Sátánì, tí wọ́n sì máa ń gbé ìpolongo yìí dìde jù nínú oṣù Kejìlá, ní òun ló ba orúkọ òrìṣà náà jẹ́, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ní láìsí Crowther, bóyá ni à bá fi èdè wa ka Bíbélì lásìkò tí a fi kà á. Ní ọdún 2014, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Canterbury, aṣáájú Ìjọ Áńgílíkà, tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí, àforíjì náà sì tún dá kún ìdàrúdàpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀.

Ìbéèrè tó wà lókè yìí ní ìdáhùn kúkúrú: kò sí ẹni tó gba oyè lọ́wọ́ Crowther títí ó fi jáde láyé. Ohun tí wọ́n gbà ni àṣẹ tó yẹ kó máa bá oyè rìn. Wọ́n fi adé sílẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí èyí tó lè yé ènìyàn, àfi kó mọ irú oyè tí wọ́n fi jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ta ni Àjàyí kó tó di Crowther?

Ọmọ Òṣoògùn ni, ìlú kan tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, ní agbègbè Ìṣẹ́yìn òde òní. Nǹkan bí ọdún 1809 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé wọ́n bí i, orúkọ amútọ̀runwá rẹ̀ sì ń sọ fún wa pé ó dojú bolẹ̀ wáyé. Ìgbà tí wọ́n bí i yìí ni agbára Ọ̀yọ́ ń fọ́, tí ogun ń jà láti ìlú dé ìlú, tí àwọn ológun sì ń kó ènìyàn tà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun já wọ Òṣoògùn. Àjàyí sá wọ inú igbó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn kò ju ọmọ oṣù mẹ́wàá lọ. Àwọn ológun náà ń ju okùn sí àwọn tó ń sá lọ́rùn, wọ́n sì ń fà wọ́n bí ẹní ń fa ewúrẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ èyí sílẹ̀, nínú lẹ́tà kan ní oṣù Kejì ọdún 1837, a sì rí nínú rẹ̀ ohun tí ìwé ìtàn kì í sábà sọ nípa ọmọdé tó wà lóko ẹrú. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin; nígbà tó ṣe, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì gba ọmọ padà. Wọ́n tún tà á ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan lẹ́yìn èyí. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tà á fún òyìnbó, ìbẹ̀rù mú un débi pé lóru, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ìgbànú rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti ṣe é parí. Ó dé Èkó, àwọn ará Pọtogí rà á, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Esperanza Felix. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, tí Henry Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, dá ọkọ̀ náà dúró lórí òkun. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wọ inú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran tí wọ́n gbé kọ́, wọ́n rí ọta ìbọn àgbá tí wọ́n tò jọ. Wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni ti àkọ́kọ́, pé orí ènìyàn sì ni ìkejì. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sí.

Báwo ni ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin ṣe di bíṣọ́ọ̀bù?

Kì í ṣe ọ̀nà tààrà. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 1825, ó sì mú orúkọ Samuel Crowther, tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní London tó wà nínú ìgbìmọ̀ CMS, ẹgbẹ́ oníwàásù ti Ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún 1827, nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tirẹ̀, ló fẹ́ níyàwó. Òun náà ti di Susan nígbà náà.

Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya, Crowther sì bá wọn lọ. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ náà débi pé gbogbo ètò náà túká. Inú àjálù yìí ni ọ̀rọ̀ Crowther ti bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára ní London: bí òyìnbó kò bá lè gbé lẹ́bàá odò náà, ta ni yóò wàásù níbẹ̀ bí kò ṣe ọmọ Áfíríkà? Wọ́n pè é wá sí England, wọ́n sì fi í jẹ díákónì àti àlùfáà ní ọdún 1843. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde.

Ó dé Àgbádárìgì ní oṣù Kìíní ọdún 1845 pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer, àwọn òyìnbó oníwàásù CMS, ogun kò sì jẹ́ kí wọ́n lè kọjá sí Abẹ́òkúta títí di ọdún kejì. Ibẹ̀ ni, ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, ìyá rẹ̀ ti wá bá a. Ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá láti ọjọ́ tí ogun ti pín wọn níyà. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé nígbà tí ìyá òun rí òun, ṣe ni ó ń gbọ̀n, pé àwọn dì mọ́ ara àwọn láìsọ̀rọ̀, àwọn ń wo ara àwọn, omijé ńlá sì ń dà lójú ìyá náà. Nígbà tí ohùn rẹ̀ sì jáde, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi pe Àjàyí nígbà èwe ló ń pè. Àfàlà ni ìyá náà ń jẹ́. Ọmọ rẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1848, ó sì sọ ọ́ ní Hannah.

Lẹ́yìn náà ni òkìkí Crowther kàn dé ààfin. Ní ọdún 1851, ó rí Ọbabìnrin Victoria, ó fi èdè Yorùbá ka Àdúrà Olúwa fún un, Ọbabìnrin náà sì sọ pé èdè tó dùn létí ni. Ní ọdún 1854, ó tún gòkè Odò Ọya pẹ̀lú Dókítà Baikie. Wọ́n lo oògùn quinine lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tí ibà pa nínú wọn. Ní ọdún 1857, wọ́n dá iṣẹ́ ìwàásù sílẹ̀ ní Onitsha, wọ́n sì fi lé àwọn ọmọ Sàró lọ́wọ́, J. C. Taylor, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Igbo, ni aṣáájú wọn.

Ẹni tó wà lẹ́yìn gbogbo èyí ní London ni Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS. Èrò Venn ni pé bí àtẹ̀gùn tí bíríkìlà ń dúró lé ni òyìnbó oníwàásù rí: bí ilé bá ti dúró, kí wọ́n tú àtẹ̀gùn. Ìjọ tó gbàgbọ́ nínú rẹ̀ ni ìjọ tó ń bọ́ ara rẹ̀, tó ń ṣàkóso ara rẹ̀, tó sì ń tan ara rẹ̀ ká. Ó fẹ́ kí ayé rí i pé ó ṣeé ṣe, Crowther sì ni ẹ̀rí tó fẹ́ fi hàn. Crowther kọ́kọ́ kọ̀. Venn bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1864, nínú kàtídírà Canterbury, wọ́n yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù. Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ tó gbà á lórí òkun ní ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn, jókòó nínú ìjọ lọ́jọ́ náà.

Ṣé òun ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà?

Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ ọ́. Augustine tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí, ti wà ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀, Póòpù sì ti fi Henrique, ọmọ ọba Kongo, sípò bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1518. Ohun tó tọ́ láti sọ ni pé Crowther ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà.

Bíṣọ́ọ̀bù ibo gan-an ni?

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà, òun sì ni àwọn tó ń jiyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára kì í sábà dé. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọmọ Yorùbá di bíṣọ́ọ̀bù yóò rò pé òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìjọ nílẹ̀ Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ sọ pé bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lẹ́yìn òde ìjọba Ọbabìnrin ni. Èkó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861, nítorí náà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, síbẹ̀ wọn kò sí lábẹ́ Crowther. Bíṣọ́ọ̀bù Sierra Leone ni wọ́n fi wọ́n sí abẹ́ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé Townsend wà ní Abẹ́òkúta, David Hinderer, òyìnbó oníwàásù mìíràn, sì wà ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí Townsend ti gbọ́ nǹkan bí ọdún 1851 pé wọ́n ń gbèrò bíṣọ́ọ̀bù dúdú ló ti kọ̀wé takò ó, tó sì ń wá àwọn tí yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn kò ní bọ̀wọ̀ fún olórí tó jẹ́ dúdú bíi tiwọn. Venn kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ó fa ààlà dáyósíìsì náà, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso, yí ká àwọn ibi tí òyìnbó wà. Báyìí ni ó ṣe di pé ẹni tó mọ Yorùbá jù nínú gbogbo wọn kò ní àṣẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì rán an lọ sí àárín àwọn Igbo, Ìjọ́, Nupe àti Igala, níbi tí òun náà ti ní láti wá ògbufọ̀.

Kò ní ilé bíṣọ́ọ̀bù ní dáyósíìsì rẹ̀. Èkó ló ń gbé. Kò ní ọkọ̀. Àfi kó dúró de ọkọ̀ àwọn oníṣòwò tí ń gòkè odò nígbà tí omi bá kún, kó sì bá wọn padà kí omi tó fà. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, London ló ti ń wá. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí wọ́n ń pè ní Abokko mú un ní ìtòsí Idah, ó ní àfi kí wọ́n wá fi owó rà á; nígbà tí ìgbákejì aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Fell, wá gbà á sílẹ̀, wọ́n ta á ní ọfà olóró, ó sì kú. Ní irú ipò yìí ni ó fi dá ìjọ sílẹ̀ ní Bonny, ní Brass, ní Lokoja àti ní àwọn ibòmíràn. Ní Bonny, àwọn tó gba ìhìn rere jìyà débi pé wọ́n pa àwọn kan, ìjọ náà sì ń pọ̀ sí i.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Onitsha ní ọdún 1890?

Venn kú ní ọdún 1873. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn bíríkìlà bó ṣe rí i. Ìdí mẹ́ta ló so kọ́ra nínú ohun tó tẹ̀ lé e, bí ènìyàn bá sì mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ìtàn náà yóò wọ́.

Ìdí kìíní ni ìṣòwò. Ní ọdún 1879, George Goldie pa àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ra epo pupa lórí Odò Ọya pọ̀ di ọ̀kan, ní ọdún 1886 ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba, ilé iṣẹ́ náà sì di Royal Niger Company. Oníṣòwò tó fẹ́ jẹ gàba lórí odò kò fẹ́ kí àwọn Sàró tó mọ ìwé, tó sì mọ owó, wà níbẹ̀. Ìdí kejì ni ọkọ̀. Ní ọdún 1878, CMS ra ọkọ̀ kan fún iṣẹ́ Odò Ọya, wọ́n sì sọ ọ́ ní Henry Venn. Ó yẹ kó mú iṣẹ́ Crowther rọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n fi òyìnbó kan, Ashcroft, ṣe alákòóso ọkọ̀ náà àti ọ̀rọ̀ owó, kò sì pẹ́ tí bíṣọ́ọ̀bù fi di ẹni tó ń tọrọ àyè nínú ọkọ̀ ìjọ ara rẹ̀. Ìdí kẹta ni irú àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń jáde ní àwọn yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà: wọ́n ní ìtara, wọ́n gbàgbọ́ nínú ìwà mímọ́ tí kò ní àbùkù kankan, oògùn quinine sì ti jẹ́ kí wọ́n lè gbé níbi tí àwọn tó ṣáájú wọn kò lè gbé. Wọn kò rí ìdí tí ènìyàn dúdú yóò fi máa darí ohun tí àwọn lè darí.

Méjì nínú wọn ni J. A. Robinson, tó di akọ̀wé iṣẹ́ Odò Ọya ní ọdún 1887, àti Graham Wilmot Brooke, tí kò ju bí ọmọ ọdún 25 lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìnáwó pàdé ní Onitsha. Crowther ló jókòó sórí àga alága. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn àlùfáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn wọ́n, tí wọ́n sì ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Dandeson, ọmọ rẹ̀ tó bí, tó wà nípò àṣídíákónì lórí àwọn ìjọ agbègbè Niger Delta, wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Crowther béèrè pé ibo ni akọ̀wé ti rí àṣẹ láti dá àlùfáà dúró láìjẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí i. Ìbéèrè tó ṣe kedere ni, nítorí nínú ètò Ìjọ Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù ló ní àṣẹ lórí àlùfáà. Ìdáhùn tó rí gbà ni pé owó oṣù wọn ti CMS ni. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìnáwó ló fi sílẹ̀ o, kì í ṣe oyè bíṣọ́ọ̀bù. Ibi tí àṣìṣe tó pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ ayélujára ti ń wá nìyí.

Ṣé òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀?

Èrò àwọn òpìtàn kò ṣọ̀kan lórí èyí. Àwọn tó gba ti CMS yẹ̀ wò ń tọ́ka sí i pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ń ṣòwò, pé àwọn mìíràn hùwà tí kò tọ́, àti pé ní ọdún 1882 ilé ẹjọ́ Freetown dá ẹ̀bi fún àwọn méjì tó ti ṣiṣẹ́ ní Onitsha lórí ikú ọmọbìnrin kan. Èyí kì í ṣe irọ́. Wọ́n tún sọ pé ọkàn Crowther rọ̀ jù, pé kì í tètè gbà gbọ́ pé ẹni tí òun fi sẹ́nu iṣẹ́ lè bàjẹ́, àti pé ẹni tó ń gbé Èkó kò lè mójú tó ìjọ tó wà ní ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wà ní ìhà kejì dáhùn pé ta ló jẹ́ kó máa gbé Èkó, ta ni kò fún un ní ọkọ̀, ta ló sì ń yan irú òṣìṣẹ́ tí Sàró lè fi ránṣẹ́? Wọ́n ní Crowther fúnra rẹ̀ ti lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí Robinson tó dé, àti pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń dá, bí kò ṣe pé wọ́n mú àṣìṣe àwọn mélòó kan, wọ́n fi dá gbogbo ènìyàn dúdú lẹ́jọ́. Èrò kẹta ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwà rere rárá, pé ìjọba amúnisìn ló ń bọ̀, pé lẹ́yìn ìpàdé Berlin ti ọdún 1884 sí 1885, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè òyìnbó ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín Áfíríkà láàárín ara wọn, kò sí àyè fún aṣáájú dúdú mọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ní ilé òwò tàbí ní ilé ìjọsìn. Bí a bá wo bí wọ́n ṣe fa ààlà ní ọdún 1864, ó ṣòro láti sọ pé ìwà àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1890, nítorí nígbà tí wọ́n fa ààlà yẹn, àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí kò tíì sí nílẹ̀.

Kí ló tẹ̀ lé e?

Ariwo sọ ní Èkó. Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé dúdú tí orúkọ rẹ̀ kàn nígbà náà, bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1891, ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n dá ìjọ tí yóò jẹ́ ti Áfíríkà sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ, àwọn kan dá United Native African Church sílẹ̀. Crowther kò bá wọn lọ. Ohun tí òun fara mọ́ ni pé kí àwọn ìjọ Niger Delta máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n má bàa gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó, síbẹ̀ kí wọ́n má kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà. Dandeson ló mú un ṣẹ ní ọdún 1892, wọ́n sì ń pè é ní Niger Delta Pastorate. Robinson ti kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1891. Brooke kú ní oṣù Kẹta ọdún 1892, ibà ló pa á ní Lokoja. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891, Crowther náà kú ní Èkó. Itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí; nígbà tí ìjọba wó ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n gbé egungun rẹ̀ lọ sí kàtídírà Marina.

Àwọn ará Èkó ń retí pé ọmọ Áfíríkà ni yóò rọ́pò rẹ̀. Òyìnbó ni CMS mú, J. S. Hill, wọ́n sì fi ọmọ Yorùbá méjì, Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips, ṣe igbákejì rẹ̀ ní ọdún 1893. Hill kú ní Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 1894, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ẹnikẹ́ni nínú àwọn igbákejì méjèèjì sókè. Òyìnbó mìíràn, Herbert Tugwell, ni wọ́n mú wá. Olúwọlé ṣe igbákejì títí ó fi kú. Ó di ọdún 1952 kí A. B. Akínyelé tó di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ ní dáyósíìsì tiwọn lẹ́yìn Crowther. Ọgọ́ta ọdún nìyẹn. Bí ọmọ Crowther obìnrin, Abigail, ṣe bí Herbert Macaulay ní ọdún tí bàbá àgbà rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù gan-an, tí ọmọ náà sì dàgbà di ẹni tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó fà á, jẹ́ ohun tí àwọn òpìtàn kì í fò dá.

Ṣé Crowther ló sọ Èṣù di Sátánì?

Kì í ṣe òun nìkan ló túmọ̀ Bíbélì. Ìwé Romu ló kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1850, àwọn ìwé yòókù sì ń tẹ̀ lé e títí gbogbo rẹ̀ fi parí ní àwọn ọdún 1880. Àlùfáà Thomas King bá a ṣiṣẹ́ púpọ̀, Gollmer àti Hinderer náà sì lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òun ni olórí, èdè rẹ̀ ló sì gba gbogbo iṣẹ́ náà já. Ó máa ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, ó ń kọ òwe wọn sílẹ̀, ó sì ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu babaláwo àti lẹ́nu onímọ̀le. Lẹ́nu àwọn onímọ̀le ló ti mú ọ̀rọ̀ bí àlùfáà àti àdúrà, tí àwọn onígbàgbọ́ ń lò títí dòní láìrò pé láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti ṣẹ̀. Òun kan náà ló ṣe alága ìpàdé tó jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ Yorùbá sílẹ̀.

Ní ti Èṣù, ẹ ṣí Matiu orí kẹrin. Ní ẹsẹ kìíní, Èṣù ló wá dán Jésù wò. Ní ẹsẹ kẹwàá, Sátánì ni Jésù pe ẹni kan náà, Sátánì ni wọ́n sì kọ sínú ìwé Jóòbù pẹ̀lú. Ohun tí àwọn olùtumọ̀ ṣe ni pé wọ́n fi Sátánì sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí orúkọ ni, wọ́n sì fi Èṣù túmọ̀ ọ̀rọ̀ kejì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní devil. Níwọ̀n bí ìwé sì ti fi méjèèjì pe ẹni kan ṣoṣo, wọ́n di ọ̀kan lọ́kàn ẹni tó ń kà á.

Àwọn tó ń takò ó ní Èṣù jẹ́ òrìṣà tó ń gbé ẹbọ lọ, tó wà ní oríta, tó sì ń bá Ifá ṣiṣẹ́, pé kò sí ọ̀tá Olódùmarè kankan nínú ẹ̀sìn Yorùbá, nítorí náà ìtumọ̀ náà sọ àwọn tó ń bọ Èṣù di ẹni ìkórìíra láàárín ara wọn. Àwọn tó ń gbèjà Crowther ní olùtumọ̀ kò lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti inú òfìfo, pé ìbẹ̀rù Èṣù àti bó ṣe máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ìtàn ló fà á tí wọ́n fi mú un, àti pé àwọn oníwàásù mìíràn náà lo ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí kò sí iyàn níbẹ̀ ni pé Crowther ka ìbọ òrìṣà sí àṣìṣe tó yẹ kí ènìyàn fi sílẹ̀, kò sì fi èrò yìí pa mọ́.

Kí wá ni Canterbury tọrọ àforíjì fún?

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 2014, nígbà tó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nínú kàtídírà kan náà. Justin Welby, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà náà, sọ níbẹ̀ pé ó yẹ kí Ìjọ England tọrọ àforíjì, nítorí pé wọ́n fi ènìyàn jẹ bíṣọ́ọ̀bù bó ti tọ́ àti bó ti yẹ, lẹ́yìn náà wọ́n dalẹ̀ rẹ̀, wọ́n já a kulẹ̀, wọ́n sì jin ipò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó sọ dáadáa. Kò sọ pé wọ́n yọ Crowther nípò, nítorí wọn kò yọ ọ́. Kò dá oyè kankan padà, nítorí kò sí oyè tí wọ́n gbà. Ohun tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fi oyè náà sílẹ̀ fún un, wọ́n sì sọ ọ́ di òfo.

Àwọn kan ní àforíjì náà tó. Àwọn mìíràn ní kò tó, pé àwọn àlùfáà tí wọ́n dá dúró ní Onitsha náà ní orúkọ tí wọ́n bà jẹ́, tí kò sì sí ẹni tó dárúkọ wọn. Nínú àkọsílẹ̀ Ìjọ, láti ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1864 títí di ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891 ni wọ́n ka Samuel Àjàyí Crowther sí bíṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ọjọ́ kan tó fò nínú rẹ̀.